Nígbà Tí Omi Dé Ojú Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Ilé tí a gbé ní Àjáh nígbà yẹn ń rì ni. Mi ò sọ pé ó ń wó o. Ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, òrùlé rẹ̀ kò sì jò ju bí òrùlé àdúgbò wa ṣe ń jò lọ. Títì ló ń ga. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí títì márosẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da yẹ̀pẹ̀ pupa sílẹ̀ tí katakata sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú títì á ga sí i, àwọn títì kéékèèké tó já sí i náà á gbéra tẹ̀lé e. Ilé tiwa á wá dà bí ẹni tó tún fìdí lé ilẹ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ẹni tó bá dúró lójú títì lè máa wo àárín pálọ̀ wa láti òkè, kó rí ohun tí a ń jẹ. Àlejò tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa á sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń lọ pọnmi lódò.

Bàbá onílé wa kì í ṣe ẹni tó máa ń wo ìyà ayálégbé níran. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí i, torí mo máa bínú sí i. Alhaji ni, àgbàlagbà ọmọ bíbí ibẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ sókè lọ sílẹ̀ bíi ti àwọn ará Ìjẹ̀bú débi pé èèyàn kì í mọ̀ bóyá ó ń bá òun wí ni tàbí ó ń kí òun. Nígbà tí omi kọ́kọ́ wọlé, kò dúró kí a wá bẹ òun. Ó kó lébírà wá, wọ́n da yanrìn sínú gbogbo yàrá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú rẹ̀. Ilẹ̀ ga, omi ò wọlé mọ́, a sì ṣàdúrà fún bàbá. Títì tún ga, omi tún wọlé, bàbá tún kó yanrìn wá. Bí gbogbo onílé ṣe ń ṣe é ní agbègbè yẹn nìyẹn. Tí omi bá ga, wọ́n á gbé ilẹ̀ ga jù ú lọ.

Kò sẹ́ni tó rò ó pé ohun tó wà lára ògiri kò ní bá ilẹ̀ dìde. Fèrèsé tó wà níwájú àyà mi nígbà tí a kó wọlé ti di ohun tí mo lè jókòó lé. Ọkọ mi, tí kò kúkú ga púpọ̀, ń tẹrí ba kó tó lè wọ ilé ara rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ tí wọ́n fi sí ibi orúnkún nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà wá wà níbi kókósẹ̀. Tí mo bá ń gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ mi máa ń gbá a lójú.

Mo sọ fún bàbá onílé. Mo ní, "Bàbá, sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ti sún mọ́ ilẹ̀ jù."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Ìyàwó, sọ́kẹ́ẹ̀tì ò kúrò níbi tí mo fi í sí o. Ilẹ̀ ló wá bá a."

"Ẹ jẹ́ ká gbé e sókè nígbà náà, sà."

"Wáyà rẹ̀ wà nínú ògiri. Blọ́ọ̀kù ayé àtijọ́ ni blọ́ọ̀kù yìí, tí wọ́n bá fi òòlù kàn án, gbogbo rẹ̀ ló máa wó lé yín lórí. Ẹ máa rọra lò ó."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́ ni. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù tí mo bá rántí, torí kò sí ibi tí mo fẹ́ di ìbínú mi mú.

Ti fíúsì tún wà ńbẹ̀. Yàrá pọ̀ nínú ilé náà, iná tó wọ ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Tí ẹnì kan bá tan áyọ́ọ̀nù, tí ẹlòmíràn ń fi sítóòfù oníná se ẹ̀wà, fíúsì á jó, ilé á ṣú, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa jà. Àwọn ọkùnrin ilé fi ẹnu kò, wọ́n fi wáyà tó nípọn dí ojú fíúsì náà kó má baà jó mọ́. Kò sì jó mọ́ lóòótọ́. Kí fíúsì jó kí èèyàn má baà jó ni iṣẹ́ rẹ̀, a sì ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, inú wa ń dùn. Nígbà tó yá, ẹni tí inú bá ń bí sí ẹlòmíràn á lọ yọ fíúsì yẹn pátápátá kí gbogbo ilé lè jìyà pọ̀. Bàbá onílé bá ní kí wẹ́dà ṣe àgò irin yí mítà àti fíúsì ká lára ògiri iwájú ilé. Ó fi àgádágodo tì í, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń bá a lọ síbi gbogbo nínú àpò jálábíà rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sẹ́ni tó lè pa iná ilé wa láti ìdí rẹ̀ àfi bàbá nìkan. Ìjà parí.

Ọkọ mi ń di irin níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi ńlá, lọ́nà Ìbẹ̀jú, Sátidé ló sì máa ń wálé. Èmi ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan ní Ìkátè. A ti fẹ́ kó kúrò nínú ilé yẹn, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí iṣẹ́ èbúté tán ná. Iṣẹ́ èbúté kì í tán bọ̀rọ̀.

A ti bí ọmọ kan nígbà náà, obìnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọmọ yẹn, kó mọ̀ pé tí wọ́n bá ní kó má ṣe nǹkan, wọ́n ti fi ọ̀nà hàn án nìyẹn. Kó sì tún mọ̀ pé kò lè gbọ́ ẹkún mi. Ì báà jẹ́ àlùbọ́sà ni mo ń gé tí omi ń bọ́ lójú mi, á já gbogbo ohun tó ń ṣe jù sílẹ̀, á sáré wá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí gan-an. Mo máa ń dọ́gbọ́n sunkún nígbà míràn kó lè wá.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, lákòókò òjò. Òjò yẹn ti ń rọ̀ láti ìdájí, n kò lè lọ síbi iṣẹ́, ọmọ náà kò sì lọ sí iléèwé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn ọkùnrin ilé máa lọ kírun, omi ti gba orí àtẹ̀gùn tó já láti títì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá wa. Kò bà mí lẹ́rù. Ó ti pẹ́ tí iná ti lọ, omi tí kò sì sí iná nínú ilé, wàhálà lásán ni, kì í pa èèyàn. Mo ká aṣọ mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Ọmọ mi ti sùn lọ sórí àga gígùn ní pálọ̀, mo jẹ́ kó máa sùn ún lọ. Mo ń kó ìrẹsì, mo ń kó aṣọ, mo ń kó ìwé ẹ̀rí wa lọ sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá, mo sì ń bú títì márosẹ̀ bí mo ṣe ń lọ tí mo ń bọ̀. Omi ti bo sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Mo rí i. Mo kàn fi ojú wò ó kọjá ni.

Mo gun orí bẹ́ẹ̀dì kí n lè ti àpótí kan sórí wọ́dúróòbù. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo wà tí mo ti gbọ́ tí gbogbo àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè pọ̀. Iná dé.

Gílóòbù tàn lókè orí mi. Tẹlifísàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, torí a kì í pa suwíìṣì rẹ̀. Bí a ṣe máa ń mọ̀ pé iná ti dé nìyẹn. Lábẹ́ omi, níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣíì, ó ń hó bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Eku kan ti ń wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti ìgbà tí omi ti wọlé, kò sì ka èmi sí rárá. Mo rí i tó gan. Ó yí ẹ̀gbẹ́ dà, ó dúró sójú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè.

Mo ti na ẹsẹ̀ kan sí etí bẹ́ẹ̀dì kí n lè sọ̀ kalẹ̀, mo fà á padà sókè. Lẹ́yìn náà ni mo gbójú sókè. Ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá àti pálọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo sì rí ọmọ mi tó dìde jókòó lórí àga, tó ń nu ojú, tó ń rẹ́rìn-ín sí tẹlifísàn. Omi wà láàárín èmi àti ẹ̀.

Gbogbo ara mi ló fẹ́ pariwo. Ẹnu mi ti ṣí. Mo rántí pé tí mo bá pariwo, ó máa sáré wá bá mi. Tí mo bá sunkún, á tún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí mo bá sì sọ pé kó má sọ̀ kalẹ̀, mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Mo pa ẹnu mi dé, mo jókòó, mo sì fi ẹ̀rín sójú. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn.

"Mọ́mì, iná ti dé," ó ní.

"Mo rí i, ọmọ mi. Ṣé àwọn pílò yẹn ti lọ sí iléèwé lónìí?"

Ó wo àwọn tìmùtìmù àga náà. "Wọn ò tíì lọ."

"Wọ́n máa pẹ́ o. Tìṣà wọn dà?"

"Èmi ni tìṣà."

Ó kó wọn jọ, ó fi wọ́n ti ẹ̀yìn àga lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dìde dúró sórí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní a, bí, dí. Mo kan ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo pe aládùúgbò mi tó wà ní yàrá kejì, obìnrin kan tó ń ṣe irun, ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ bíi pé iyọ̀ ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ògiri ilé wa ò dé òrùlé, ohùn máa ń gba òkè rẹ̀ kọjá.

"Àǹtí, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?"

"Orí tábìlì ni mo wà o," ó ní. "Iná wà nínú omi. Ó gbá mi lẹ́sẹ̀ kí n tó fò sókè. Ẹ má fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ o."

"Ọmọ mi wà ní pálọ̀."

Mo gbọ́ tó ń tẹ fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ń pe Bàbá. Suwíìṣì ọ́ọ̀fù ni fóònù wọn. Jímọ̀ ni wọ́n wà. Gbogbo wọn ló wà ní Jímọ̀."

Fóònù tèmi wà lórí tẹlifísàn. Kọ́kọ́rọ́ àgò irin wà nínú àpò jálábíà, jálábíà wà ní mọ́ṣáláṣí, ẹni tó wọ̀ ọ́ sì ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run. N kò lè bínú sí ẹni tó ń kírun. Mo wo irin fèrèsé yàrá mi, tí a fi dènà olè. Ó nípọn dáadáa, iṣẹ́ wẹ́dà kan náà ni. Kò sí ibi tí èèyàn lè gbà jáde nínú yàrá yẹn àfi inú omi.

"Pílò yìí ò gbọ́ràn," ọmọ mi sọ.

"Bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Má nà án."

Ó ń kọ́ wọn, mo ń bá a gbè é. Tí ó bá ti fẹ́ sú u, màá béèrè pé kí ló dé tí pílò kan ń wo òkè, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò tíì fi gbogbo ara fetí sílẹ̀ sí ọmọ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo mọ ìgbà tó ń mí sínú, mo mọ ìgbà tó ń mí síta. Àwọn obìnrin tó ń kọjá lójú títì lókè ń kí ara wọn kú ewu òjò, mo ń gbọ́ wọn ketekete, n kò sì lè kígbe pè wọ́n. Mo gbàdúrà pé kí iná lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ní Èkó, n kò tíì gba irú àdúrà yẹn rí.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi dákẹ́. Ó fún ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀.

"Mọ́mì, mo fẹ́ tọ̀."

Mo ti fi ẹnu kọ́ ọmọ yẹn, mo ti fi pàṣán kọ́ ọ, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ̀ sórí àga. Nínú gbogbo ohun tí mo tíì sọ fún un láyé, ìyẹn nìkan ló gbà.

"Tọ̀ síbẹ̀," mo ní. "Tọ̀ sórí àga, kò sí nǹkan."

Ó wò mí bíi pé n kò mọ ohun tí mo ń sọ. "Ẹ máa nà mí."

"Mi ò ní nà ẹ́."

"Ẹ máa nà mí, Mọ́mì. Ẹ ní àga kì í ṣe ṣáláńgá."

Ó jókòó sí etí àga, ó yí padà, ó dojú bolẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan wá ilẹ̀. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò jìnnà sí omi mọ́. N kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ tó lè dá ẹsẹ̀ yẹn dúró. Mo dìde dúró lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Wò mí," mo ní. "Wo Mọ́mì."

Ó yíjú padà wò mí láti èjìká. Mo tọ̀ sára. Èmi abiyamọ, mo dúró lórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi, láàárín ìrẹsì àti ìwé ẹ̀rí, mo jẹ́ kí ìtọ̀ máa sàn lọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi níṣojú ọmọ mi. Kò tiẹ̀ le. Ẹ̀rù ti bà mí tó.

Ojú rẹ̀ là. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lójú kan. Ó gun àga padà kó lè rí mi dáadáa, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jẹ́ kó ṣubú sẹ́yìn lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. "Mọ́mì tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì! Mọ́mì tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì!" Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni òun náà ti tọ̀, gbogbo rẹ̀ sórí àga. Mo gbọ́ aládùúgbò mi lódìkejì ògiri, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àárín ẹ̀rín yẹn ni iná lọ.

Gbogbo àdúgbò kẹ́dùn. Mo gbọ́ ọkùnrin kan lójú títì tó ń ṣépè fún àwọn oníná àti ìyá tó bí wọn. Èmi ń sọ pé ẹ ṣé, ẹ ṣé, n kò mọ ẹni tí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́ náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí mo fi rántí irú iná tí a ní. Nígbà míràn tó bá lọ, ó di ọ̀la. Nígbà míràn, kí èèyàn tó kẹ́dùn tán, ó ti tún dé. Kò sí àmì kankan tí a fi ń dá méjèèjì mọ̀.

"Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o," aládùúgbò mi sọ. "Ó lè dé báyìí báyìí. Ẹ jẹ́ kí Bàbá dé."

Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí àga kò tó ìrìn rárá. Mo wo omi náà. Ó dákẹ́, eku yẹn sì wà lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé tí iná bá bá mi láàárín ọ̀nà, ọmọ mi á rí mi tí mo ṣubú, á sì sáré sọ̀ kalẹ̀ wá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ohun tó dá mi dúró nìyẹn. Ikú tèmi nìkan kọ́ ni mo ń rò.

Tẹlifísàn ti kú, ẹ̀rín ti tán. Ọmọ mi wo aṣọ rẹ̀ tó tutù, ó ní, "Mọ́mì, ó tutù. Mo ń bọ̀." Ó tún yí padà, ó dojú bolẹ̀.

N kò rò ó mọ́. Mo fò sínú omi. Mi ò rántí ìrìn náà, mo kàn rántí pé omi náà tutù ju bí mo ṣe rò lọ, àti pé nǹkan kan tó rọ̀ kàn mí lẹ́sẹ̀. Mo gbá ọmọ mi mú lápá kan bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe fẹ́ kan omi, mo gbé e lé èjìká, mo gba ẹnu ọ̀nà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì dé orí àtẹ̀gùn. Mo gùn ún títí tí ilẹ̀ fi gbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo yí padà, àwọn ọmọ àdúgbò tún hó yèè, iná sì tàn ní pálọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀.

Àgò irin náà wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí fíúsì nínú rẹ̀, wáyà pupa tí a fi dí i ń dán. Aládùúgbò mi ṣì wà nínú ilé, ó ń ké pè mí pé ṣé mo ti jáde. Mo dáhùn pé mo ti jáde. Mo dúró síwájú irin yẹn, aṣọ mi ń rùn fún ìtọ̀, n kò sì lè ṣe nǹkan kan fún un títí bàbá onílé fi dé láti mọ́ṣáláṣí, tó rí mi, tó sáré, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ wá ihò àgádágodo. Ó yọ fíúsì. Aládùúgbò mi jáde wá, ó jókòó sílẹ̀ lójú títì.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Omi bọ́ lójú rẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ mi lórí, ó gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyàwó, má bínú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ni màá tún gbé ilẹ̀ yẹn sókè."

"Bàbá, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbé sókè."

"Omi ló wọlé," ó ní. "Omi ni ká kọ́kọ́ lé jáde. Fi ọkàn balẹ̀, mo máa gbé e ga dáadáa lọ́tẹ̀ yìí."

Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Wọ́n da yanrìn, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ó kọ́ wa pé tí omi bá ti ń bọ̀, kí a máa pa suwíìṣì, bíi pé suwíìṣì ló ń pa iná inú ògiri. Ọkọ mi dé ní Sátidé, ó di orí mi mú mọ́ àyà rẹ̀, ó sì ní iṣẹ́ èbúté kù díẹ̀ kó tán. Sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wá fẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀. Tí mo bá da omi nu ilẹ̀, mo ní láti fi aṣọ gbígbẹ jókòó tì í kí omi má baà wọ ihò rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú, tí ilẹ̀ gbẹ, tí kò sí ojú òjò rárá, iná dé. Àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọmọ mi wà ní ìta pẹ̀lú wọn. Ó já eré sílẹ̀, ó sáré wọlé, ó gun orí àga gígùn, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó sì dì wọ́n mú.

"Mi ò sọ̀ kalẹ̀, Mọ́mì," ó ní. "Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀?"

Mo ṣí ẹnu kí n sọ fún un pé kó máa bọ̀, pé kò sí nǹkan. Mo wo ilẹ̀, mo wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo wo ògiri tí n kò mọ ibi tí wáyà gbà kọjá nínú rẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́. Mo bọ́ bàtà mi, mo gun àga náà, mo sì ká ẹsẹ̀ tèmi náà sókè.